Epo ń jò níbi tí họ́ọ̀sì ti wọ kabúrétọ̀ ọ̀kadà mi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Tíṣà Òkè-Ògùn
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ ọ̀kadà mi ni mo gbé wá, èyí tí mo fi ń lọ síbi iṣẹ́ láti Ìséyìn. Epo ń jò lára rẹ̀. Bí mo bá gbé e kalẹ̀ lálẹ́, kó tó di àárọ̀, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ á ti tutù, gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ á sì máa rùn fún epo. Ibi tí mo rí pé ó ń tutù ni ìdí họ́ọ̀sì kékeré tó ń gbé epo wá sínú kabúrétọ̀, ibi tí epo ti ń pò mọ́ afẹ́fẹ́ kó tó wọ ẹ́ńjìnnì. Mẹkáníìkì àdúgbò wa fi rọ́bà tíúbù wé e, ó tún fi wáyà dè é. Ó dáwọ́ dúró díẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ní báyìí ó ní kí n lọ ra kabúrétọ̀ tuntun. Owó kékeré kọ́ nìyẹn fún olùkọ́, epo náà sì ti kúrò ní ohun tí èèyàn lè máa dà sílẹ̀ láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí rẹ̀ ní 2023. Ṣé kabúrétọ̀ ló bàjẹ́ lóòótọ́, àbí họ́ọ̀sì? Ọmọ mi ni mo ń gbé sẹ́yìn ọ̀kadà yìí láràárọ̀, ọkàn mi ò balẹ̀ rárá.

Ìyá Ìbejì, Ṣakí
Tíṣà, ẹ kú ìfaradà. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó dá mẹkáníìkì kankan lóhùn, ẹ gbé ọ̀kadà yẹn kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lónìí. Ooru epo bẹntiróò wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń fà sí. Á gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé lọ bá ẹni tó ń dá sítóòfù, ẹ ò sì ní rí i. Kò dìgbà tí iná bá kan epo gan-an, ooru rẹ̀ nìkan ti tó láti gbaná. Gbàrà tí ẹ bá ti sọ̀ kalẹ̀, ẹ yí kọ́ọ̀kì epo, èyí tí wọ́n fi ń ṣí epo tàbí tì í lábẹ́ táǹkì, sí ọ́ọ̀fù. Kí ẹ sì gbé yanrìn sínú báákẹ́ẹ̀tì sí tòsí. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da omi sí iná epo, torí epo á léfòó sórí omi, omi á sì gbé iná náà dé ibi tí kò dé tẹ́lẹ̀.

Ọlọ́kadà Ọ̀yọ́
Ọ̀rọ̀ Ìyá Ìbejì dáa. Ṣùgbọ́n Tíṣà, ẹ má náwó jàre. Ọṣẹ ìfọṣọ tó le ni kí ẹ rẹ́ mọ́ ìdí họ́ọ̀sì náà, kí ẹ fi súpà gúlùù lé e. Ọ̀nà oko ni mo ń ná, ọṣẹ ti gbé èmi délé rí.

Mẹkáníìkì Mọ́kọ́lá
Ọlọ́kadà, mi ò bá ọ jà o. Ọṣẹ máa ń ṣiṣẹ́ bí táǹkì bá lu lójú ọ̀nà, torí epo kì í tú ọṣẹ bí omi ṣe ń tú u. Ṣùgbọ́n ìdí họ́ọ̀sì kọ́ ni wọ́n ń fi í sí. Èérún rẹ̀ á wọ inú kabúrétọ̀, á lọ dí jẹ́ẹ̀tì, ihò tín-ín-rín tí epo ń gbà kọjá níbẹ̀, ọ̀kadà á wá máa kú lójú títì. Ti gúlùù ló tún burú jù. Ó máa ń gan, ọ̀kadà sì ń gbọ̀n. Tó bá ti sán, epo á gba ojú ibẹ̀ jáde, ẹ ò sì ní lè yọ họ́ọ̀sì náà mọ́ láìṣe ẹnu kabúrétọ̀ léṣe. Rọ́bà tíúbù tí wọ́n wé mọ́ ọn náà, epo ń jẹ ẹ́ ni: á wú, á rọ̀, á máa yọ̀.

Ọ̀gá Tíṣà, ẹ má tíì ra nǹkan kan. Epo máa ń ṣàn, ó lè jáde lókè kó wá kán sílẹ̀ níbòmíràn, ibi tí ilẹ̀ ti tutù kò sì sọ ibi tó ti ń jò. Ẹ gbé ọ̀kadà síta, kí ẹ́ńjìnnì àti sàláńsà tutù tán. Ojú ọ̀sán ni kí ẹ ṣe é, ẹ má ṣe tan fìtílà sí i. Ẹ fi àkísà nu kọ́ọ̀kì, họ́ọ̀sì àti ara kabúrétọ̀ títí wọn á fi gbẹ. Ṣọ́ọ̀kì tí ẹ fi ń kọ́ ọmọ, ẹ lọ̀ ọ́ kúnná, kí ẹ bù ú sí ìdí họ́ọ̀sì lókè àti nísàlẹ̀, kí ẹ sì bù ú sí ibi tí kọ́ọ̀kì ti wọ táǹkì. Ibi tí ṣọ́ọ̀kì bá ti kọ́kọ́ tutù, ibẹ̀ lepo ti ń yọ.

Ẹ kọ́kọ́ fi kọ́ọ̀kì sí ọ́ọ̀fù, kí ẹ ní sùúrù díẹ̀. Bí ibi tí kọ́ọ̀kì ti wọ táǹkì bá tutù, rọ́bà róbótó tó wà láàárín wọn ló ti jẹ, èyíinì ò kan kabúrétọ̀ rárá. Bó bá gbẹ, ẹ wá ṣí i sí ọ́ọ̀nù láì tan ẹ́ńjìnnì. Bí ṣọ́ọ̀kì ìdí họ́ọ̀sì bá tutù, họ́ọ̀sì ni. Ṣùgbọ́n bí ìdí họ́ọ̀sì bá gbẹ, tó wá jẹ́ pé páìpù tín-ín-rín tó sọ̀ kalẹ̀ lábẹ́ kabúrétọ̀ lepo ti ń kán, a jẹ́ pé abẹ́rẹ́ tó ń dí ojú epo nínú kabúrétọ̀ ni kò padé dáadáa mọ́. Ìdọ̀tí lè há síbẹ̀, ó sì lè ti jẹ. Kódà bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n ń ta abẹ́rẹ́ yẹn lọ́tọ̀, kò dìgbà tí ẹ bá ra odindi kabúrétọ̀.

Ọmọ Kétu
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará Nàìjíríà. Ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí tí ọ̀gá sọ yẹn ká wa lára gan-an ní orílẹ̀-èdè Benin níbí. Epo inú ìgò tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà, kpayo, ni ọ̀pọ̀ àwa ọlọ́kadà ń rà. Ẹni tí kò bá ní fílítà láàárín họ́ọ̀sì, yanrìn inú ìgò ló ń gbé lọ sínú kabúrétọ̀ yẹn. Bí Tíṣà bá fẹ́ pààrọ̀ họ́ọ̀sì, kó fi fílítà kékeré sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Ọfà wà lára fílítà náà, kí ọfà yẹn kọjú sí kabúrétọ̀.

Ọlọ́kadà Ọ̀yọ́
Ọ̀gá mẹkáníìkì, mo gbọ́ ti ọṣẹ. Họ́ọ̀sì wo ló wá dáa? Ní páàkì wa, èyí tó mọ́ gaara tí àwọn bíríkìlà fi ń wo lẹ́bẹ́ẹ̀lì ni gbogbo wa ń gé lò. Owó rẹ̀ ò wọ́n, èèyàn sì ń rí epo nínú rẹ̀.

Mẹkáníìkì Mọ́kọ́lá
Àbúrò mi, ohun tó ń fa jíjò fún ọ̀pọ̀ èèyàn nìyẹn. Omi ni wọ́n ṣe họ́ọ̀sì bíríkìlà fún. Epo á fa rírọ̀ ara rẹ̀ jáde, ooru ẹ́ńjìnnì á sì parí ìyókù. Á pọ́n, á gan bí igi, ẹnu rẹ̀ ò sì ní lè di páìpù mú mọ́. Mo ti rí ọ̀kadà tó jẹ́ okùn dírípù ọsibítù ni wọ́n fi sí i! Rọ́bà dúdú tí wọ́n ṣe fún epo ni kí ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ta páàtì. Ẹ mú èyí tó ti gbó lọ, kí ihò inú wọn lè dọ́gba. Bí ihò tuntun bá tóbi ju ẹnu kabúrétọ̀ lọ, kò sí kílíìpù, irin kékeré tó ń fún họ́ọ̀sì mọ́ páìpù, tó lè gbà yín.

Tíṣà Òkè-Ògùn
Ẹ ṣeun, Ọlọ́run á san yín lẹ́san. Ìyá Ìbejì, ọ̀kadà ti wà lẹ́yìn ilé, ó jìnnà sí ibi ìdáná. Mo ti bu ṣọ́ọ̀kì sí i bí ọ̀gá ṣe wí. Ní ọ́ọ̀fù, gbogbo rẹ̀ gbẹ. Bí mo ṣe ṣí i sí ọ́ọ̀nù, ṣọ́ọ̀kì ìdí họ́ọ̀sì lápá kabúrétọ̀ tutù wẹ̀lẹ̀ lójú mi, páìpù ìsàlẹ̀ ò sì kán. Mo tú rọ́bà tíúbù yẹn kúrò: họ́ọ̀sì ọ̀hún pọ́n, ẹnu rẹ̀ ti là gẹ́gẹ́ bí wáyà ṣe gé e. Ṣé kí n gé ibi tó là kúrò, kí n tì í padà?

Mẹkáníìkì Mọ́kọ́lá
Ẹ má gé e, Ọ̀gá Tíṣà. Bó ti pọ́n yẹn, ibòmíràn á tún là, ẹ sì máa sọ ọ́ di kúkúrú, á wá máa fa ara rẹ̀ yọ nígbàkigbà tí ẹ bá yí ọwọ́. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ látòkè délẹ̀, kí ẹ ra kílíìpù onísípíríǹgì méjì, kì í ṣe wáyà.

Ẹ fi kọ́ọ̀kì sí ọ́ọ̀fù. Ẹ fi púláyà ti kílíìpù sẹ́yìn, kí ẹ rọra yí họ́ọ̀sì sọ́tùn-ún sósì títí á fi bọ́. Epo tó kù nínú rẹ̀, ẹ gbè é sínú ìgò. Bó bá lẹ̀, ẹ fi abẹ là á gígùn, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí abẹ kan ẹnu kabúrétọ̀, torí ojú abẹ tó bá wà níbẹ̀ á máa jò lábẹ́ họ́ọ̀sì tuntun náà. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi ìka méjì di ẹnu páìpù kabúrétọ̀ mú, kí ẹ mì í. Bó bá ń mì nínú ara kabúrétọ̀, mẹkáníìkì yín jàre, kabúrétọ̀ ló ni ọ̀rọ̀. Bí kò bá mì, owó họ́ọ̀sì nìkan lẹ máa ná.

Tí ẹ bá ń ti tuntun wọlé, ẹ wo ẹnu páìpù náà: ó wú díẹ̀ níwájú. Họ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ kọjá ibi tó wú yẹn dáadáa, kí kílíìpù sì jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Kílíìpù tó bá wà lórí ibi tó wú, tàbí létí ẹnu họ́ọ̀sì, ọ̀ṣọ́ lásán ni. Ẹ má jẹ́ kí họ́ọ̀sì ká, ẹ má sì jẹ́ kó fara kan ẹ́ńjìnnì.

Tíṣà Òkè-Ògùn
Mo ti mì í, ọ̀gá. Kò mì rárá. Ilé páàtì ni mo ń lọ báyìí.

Mẹkáníìkì Mọ́kọ́lá
Ó dáa bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá ti fi sí i tán, ẹ ṣí kọ́ọ̀kì, kí ẹ bu ṣọ́ọ̀kì sí i lẹ́ẹ̀kan sí i kí ẹ tó tan ẹ́ńjìnnì. Bó bá gbẹ, ẹ tan án, kó ṣiṣẹ́ díẹ̀ níbi tó wà kó gbóná, kí ẹ tún wò ó. Ẹ fi àkísà tí ẹ fi nu epo sá sójú afẹ́fẹ́ títí á fi gbẹ, ẹ má jù ú síbi ìdáná.