Irin wo ló wà ní ìbàdí àbúrò mi?

Ègbón_Osogbo:
Ẹ̀yin ará, ẹ kú àsìkò yìí o. Ọ̀rọ̀ àbúrò mi ọkùnrin ni mo gbé wá. SS ni, orí egungun ìbàdí ẹ̀ lápá òsì kú, ní 2012 wọ́n pààrọ̀ ẹ̀ fún un ní ọsibítù kan, ọmọ ọdún 23 ni nígbà yẹn. A dúpẹ́, ó ju ọ̀pá nù, ó ń ṣiṣẹ́, ó gbéyàwó. Àmọ́ láti bí ọdún kan ló ti ń ro ó padà, tó bá dìde lórí àga á kọ́kọ́ dúró ná kó tó lè gbẹ́sẹ̀. Dókítà tuntun tá a lọ rí wo X-ray ẹ̀, ó ní ike tó wà nínú ife ìbàdí yẹn ti ń jẹ, pé ó lè jẹ́ ike yẹn àti bọ́ọ̀lù tó ń yí nínú ẹ̀ nìkan lòun máa pààrọ̀, irin tó wà nínú egungun ò ní kúrò, ṣùgbọ́n òun gbọ́dọ̀ mọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, irú ẹ̀ àti sáìsì ẹ̀, torí ike ilé iṣẹ́ kan kì í wọ ife òmíì. Tóun ò bá mọ̀ ọ́n, ó lè di pé kóun hú gbogbo ẹ̀.

A padà sí ọsibítù àkọ́kọ́, a sanwó wíwá fáìlì, a jókòó látàárọ̀ títí dé aago mẹ́ta, ni wọ́n bá ní omi wọ yàrá fáìlì nígbà kan, fáìlì ọdún yẹn ti bàjẹ́. Ìwé tí wọ́n fún wa nígbà tó ń lọ sílé, ohun tó wà níbẹ̀ ò ju pé wọ́n pààrọ̀ egungun ìbàdí òsì lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò síbi tí wọ́n ń kọ nǹkan báyìí sí lórí kọ̀ǹpútà ni? Mọ́tò tokunbo tí mo rà, nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì ẹ̀ wà nínú ìwé lọ́wọ́ mi. Irin tó wà lára ọmọ èèyàn ńkọ́?

Noosi_Tiata:
Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ọlọ́run á wo àbúrò yín sàn. Nọ́ọ̀sì tíátà, ìyẹn yàrá iṣẹ́ abẹ, ni mí ní England, iṣẹ́ tí mò ń ṣe lójoojúmọ́ lẹ bi mí yìí.

Inú páálí tiẹ̀ ni gbogbo egungun àtọwọ́dá máa ń wà. Kí n tó já a, mo máa ka sáìsì ẹ̀ sókè, dókítà á wo páálí, á ní bẹ́ẹ̀ ni, ìgbà yẹn ni n óò ṣí i. Sítíkà kéékèèké wà nínú páálí yẹn, orúkọ ilé iṣẹ́, nọ́ńbà irú ẹ̀, nọ́ńbà lọ́ọ̀tì (ìyẹn àwọn tí wọ́n jọ ṣe pọ̀), sáìsì àti barcode wà lórí ẹ̀. N óò ṣí ọ̀kan lẹ̀ mọ́ ìwé iṣẹ́ abẹ, òmíì mọ́ fọ́ọ̀mù rẹ́jísítà, ìyẹn àkọsílẹ̀ gbogbo irú iṣẹ́ abẹ yìí. Sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi lẹ irin mọ́ egungun pàápàá ní sítíkà tiẹ̀. Fọ́ọ̀mù ìbàdí àkọ́kọ́ là ń pè ní H1, àtúnṣe ẹ̀ ni H2, ti orúnkún sì ni K1 àti K2. Lẹ́yìn ẹ̀ ó di inú kọ̀ǹpútà National Joint Registry, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin 2003, iṣẹ́ abẹ tó wà nínú ẹ̀ ti lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta. Nọ́ńbà NHS, ìyẹn nọ́ńbà tí ètò ìlera ìjọba níbí fún aláìsàn kọ̀ọ̀kan, ló so gbogbo ẹ̀ pọ̀, tí wọ́n bá ṣe é fún yín ní London, tẹ́ ẹ wá tún un ṣe ní Leeds, kọ̀ǹpútà mọ̀ pé ẹsẹ̀ kan náà ni.

Ibẹ̀ gan-an lèrè wà. Sweden ló kọ́kọ́ gbé irú rẹ́jísítà yìí kalẹ̀, ti orúnkún ní 1975, ti ìbàdí ní 1979. Ìbàdí irin-lórí-irin kan wà tí wọ́n ń pè ní ASR, rẹ́jísítà Australia rí i pé àwọn tí wọ́n fi sí lára ń padà wá ṣàtúnṣe ju bó ṣe yẹ lọ, irin ń ha irin, èérún ẹ̀ ń wọ inú ẹran àti ẹ̀jẹ̀. Oṣù kẹjọ 2010 ni wọ́n kó o kúrò lọ́jà káàkiri ayé, ó ti wà lára èèyàn bí 93,000 nígbà yẹn. Ẹni tí orúkọ ẹ̀ bá wà nínú ìwé, wọ́n á rí i pè wá yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò. Ẹni tí ò sí nínú ìwé ńkọ́, ta ló fẹ́ pè é?

Dokita_Egungun:
Ẹ kú ìrọ́jú. Nàìjíríà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ohun tójú mi rí ni mo fẹ́ sọ. Níbi tí mo ti kọ́ṣẹ́, ẹni tó ń ta irin ló máa ń gbé e wá sí tíátà, èyí tá ò bá lò á kó o padà, páálí èyí tá a lò á bá pàǹtí lọ, sítíkà ò tíì kúrò nínú ẹ̀. Àwọn èèyàn á máa sọ pé iná ò sí, kọ̀ǹpútà ò sí. Lójú tèmi, kì í ṣe iná ló gbé sítíkà jù síta. Ní yúnìtì wa báyìí, Excel lásán là ń lò, ó sì ń ṣiṣẹ́: ẹnì kan pàtó ló ń kọ ọ́ kí aláìsàn tó kúrò ní tíátà, a sì ń fún aláìsàn ní sítíkà kan lórí káàdì tiẹ̀.

Ibi tó le ni títẹ̀lé wọn lẹ́yìn ọdún mẹ́ta mẹ́rin. Ẹni tí ara ẹ̀ bá yá kì í padà wá, fóònù á ti yí padà. Ìdí nìyẹn tá a fi ń gba nọ́ńbà èèyàn méjì mọ́ tiẹ̀, ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí kì í gbé ilé kan náà.

Ní ti àbúrò yín, ẹ wá X-ray tí wọ́n yà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ gan-an, èyí tí ike ò tíì jẹ. Dókítà tó ti rí púpọ̀ lè fi bí irin ṣe rí dá a mọ̀. Ẹ tún wá rìsíìtì ẹni tẹ́ ẹ ra irin lọ́wọ́ ẹ̀.

Ègbón_Osogbo:
Ẹ ṣeun gan-an ni, ẹ ò ní ṣìṣe. Rìsíìtì tẹ́ ẹ sọ ló gbé mi dìde. Àpótí aṣọ màmá wa la ti rí i lánàá, wọ́n ká a mọ́ ìwé ìsìnkú bàbá wa. Íǹkì ẹ̀ ti ń parẹ́ àmọ́ orúkọ ilé iṣẹ́ ṣì hàn, nọ́ńbà fóònù ẹni tó tà á náà hàn. Mo pè é, ó gbé e! Ó ní ìwé ọjà tóun tà ní 2012 wà lọ́dọ̀ òun nílé, pé òun á wò ó lálẹ́ òní. A ò tíì mọ̀ bóyá sáìsì máa wà níbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, tí wọ́n bá ṣe tuntun yìí, sítíkà mélòó ni kí n ní kí wọ́n fún mi? Ẹnu ọ̀nà tíátà ni n óò jókòó sí.

Noosi_Tiata:
Ti ike ọ̀kan, ti bọ́ọ̀lù ọ̀kan. Kẹ́ ẹ sì ya fọ́tò méjèèjì kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀.