"Dá a dúró" kọ́ là ń ṣe fún àpdéètì, a kàn ń sún un síwájú ni

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún èdè kọ̀ǹpútà, tẹ́ ẹ ní ká máa pe àpdéètì kọ̀ǹpútà ní ìmúdójúìwọ̀n, mi ò bá yín jà, ọ̀rọ̀ yẹn dáa fún ìwé, ṣùgbọ́n ọmọ tó ń fi Windows tẹ̀wé fún kọ́sítọ́mà ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ò ní pè é bẹ́ẹ̀ láéláé, àpdéètì ló máa pè é. Pé ó gùn kọ́ lẹ́jọ́ mi o. Orúkọ kan ṣoṣo lẹ fẹ́ fún nǹkan méjì tí olówò kékeré ò gbọ́dọ̀ fojú kan náà wò, ibẹ̀ ni mo ti ń jà.

Èyí tó ń wọlé lóṣooṣù, tí Microsoft máa ń gbé jáde ní Tuesday kejì nínú oṣù, ihò tí olè lè gbà wọlé ló sábà máa ń dí. Àbùlẹ̀ nìyẹn, ọ̀rọ̀ tó ti wà lọ́dọ̀ télọ̀ tipẹ́, aṣọ ò yí padà, ibi tó ya nìkan la lẹ̀. Èkejì ni èyí tó ń wá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, tó ń sọ Windows náà di òmíràn, ìgbéga ni ká pe ìyẹn. Windows Pro, ẹ̀dà Windows tí wọ́n ṣe fún oníṣẹ́, gbà kéèyàn sún ìgbéga síwájú tó ọjọ́ 365, àmọ́ ọjọ́ 30 péré ló gbà fún àbùlẹ̀. Ó sì nídìí. Ìgbéga October 2018 ti Windows 10 pa fáìlì àwọn kan rẹ́, Microsoft fúnra wọn ló sáré dá a dúró (ìyẹn gan-an ni dídá dúró), ẹni tó ti sún tiẹ̀ síwájú ò fara gbá nínú ẹ̀. Ti WannaCry, kòkòrò kọ̀ǹpútà tó ń ti fáìlì pa kó lè gbowó lọ́wọ́ èèyàn, wá yàtọ̀ pátápátá: March 2017 ni àbùlẹ̀ tó dí ihò yẹn ti jáde, nígbà tó fi máa di 12 May tí kòkòrò náà ń jà káàkiri ayé, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ni wọn ò tíì lẹ̀, títí kan tàwọn ọsibítù ìjọba ní Brítéènì.

Ẹni tó mú "ìdádúró" wá fún bọ́tìnnì pause, èyí téèyàn ń tẹ̀ kí àpdéètì má tíì wọlé, ibí ni mo ti fẹ́ bá yín fà á. Tí ọ̀gá bá ní òun ti dá òṣìṣẹ́ kan dúró, ta ló tún ń retí ẹ̀ ní Monday? Kódà tó bá jẹ́ ti ìgbà díẹ̀, àfi kí wọ́n fi "fúngbà díẹ̀" kún un kó tó yé èèyàn. Bẹ́ẹ̀ ọjọ́ 35 ni òpin pause, tó bá ti pé, Windows á gba gbogbo èyí tó wà nílẹ̀ kó tó jẹ́ kó o tún tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó rò pé òun ti dá a dúró, àárín ìgbà tí wọ́n ń forúkọ sílẹ̀ fún JAMB ló máa rí i tó ń jẹ dátà, torí kò sọ fún Windows pé dátà rírà ni hotspot fóònù tóun ń lò. Sún un síwájú ni ká máa wí jàre.

Ẹni tó pe active hours, ìyẹn ibi téèyàn ti ń sọ fún Windows ìgbà tó ń lo kọ̀ǹpútà, ní "wákàtí tó ń ṣiṣẹ́", ẹ jọ̀ọ́, wákàtí kì í ṣiṣẹ́, èèyàn ló ń ṣiṣẹ́. Àsìkò iṣẹ́ ti tó, wákàtí 18 lóòjọ́ lẹ lè fi sí i, kò sì ní fúnra ẹ̀ ríístàtì láàárín ẹ̀.

Ríístàtì yẹn gan-an ni mi ò tíì rí ọ̀rọ̀ fún. "Pa á kó o tún un tàn" tí gbogbo wa ń sọ ò tọ́, torí tí Fast Startup, ètò tó ń jẹ́ kí Windows tètè tàn, bá wà lórí ẹ̀, pípa lásán kì í pa á tán, àpdéètì tó ń dúró de ríístàtì lè má parí, o máa tàn án lọ́la ó ṣì máa bi ọ́ ní nǹkan kan náà. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tí ò ní "pa" nínú kó mú un wá, àmọ́ kó má jẹ́ "àtúnbẹ̀rẹ̀" o, kọ́sítọ́mà tó bá gbọ́ àtúnbẹ̀rẹ̀ á rò pé ẹ fẹ́ tún iṣẹ́ òun tẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ ni.