"Awò sánmà" ni tèmi, ẹ jẹ́ ká fi "awòràwọ̀" sílẹ̀ fún àwọn tó ni ín

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè o. Ẹ̀gbọ́n wa kan dábàá "afòkèèrèsúnmọ́ni" gẹ́gẹ́ bí orúkọ fún teliskóòpù, awò gígùn tí a fi ń wo ohun tó jìnnà lójú sánmà. Ẹlòmíràn fèsì pé "awò ìràwọ̀" ti tó, pé kí la fẹ́ fi orúkọ tó ń gba gbogbo ẹnu ṣe? Ǹ bá má dá sí i, àmọ́ mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọ̀kan ni, èyí tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 70. Alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n múná lọ ni mo gbé e jáde sẹ́yìnkùlé, ohun tí mo sì fojú ara mi rí ni mo fẹ́ fi dá sí ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, "afòkèèrèsúnmọ́ni" dáa fún ẹni tó bá fẹ́ wo ọkọ̀ ojú omi. Nígbà tí Hans Lipperhey, ẹnì kan tó ń ṣe awò ojú, lọ bá ìjọba ilẹ̀ Netherlands lọ́dún 1608 pé kí wọ́n fún òun ní ìwé àṣẹ lórí irú awò yìí, bó ṣe júwe rẹ̀ nìyẹn: ohun èlò tó ń jẹ́ kí ohun tó jìnnà dà bíi pé ó wà nítòsí. Ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ sí Sirius, ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀ jù lójú sánmà alẹ́. Mo fi lẹ́ǹsì mìlímítà 25, èyí tí a ń ki bọ ibi tí a ń fojú sí, wò ó, èyí tó ń sọ nǹkan di ìlọ́po 28 lára tèmi. Mo yọ ọ́, mo ki ti mìlímítà 10 bọ̀ ọ́, ó di ìlọ́po 70. Ẹyọ kan bín-ín-tín ló wà tẹ́lẹ̀, ẹyọ kan bín-ín-tín náà ló sì jẹ́. Kò sún mọ́ ẹnikẹ́ni.

Mo wá yí i sí àwọn ìràwọ̀ tó ṣù jọ tí wọ́n ń pè ní Pleiades. Mẹ́fà ni ojú lásán rí. Nínú awò, mi ò kà á tán. Ibẹ̀ ni mo ti mọ iṣẹ́ tó ń ṣe gan-an: ìmọ́lẹ̀ ló ń kó jọ, bí bàsíà ṣe ń gbe omi òjò ju ife lọ. Ihò dúdú tó wà láàárín ẹyinjú ọ̀dọ́ kì í ju nǹkan bíi mìlímítà 7 lọ tó bá là tán nínú òkùnkùn. Ẹnu tó fẹ̀ ju ìyẹn lọ nígbà 10 á gba ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ tó ìlọ́po 100. Orúkọ tó bá gbé gbogbo ọlá fún sísún mọ́ ti fi èyí tó tóbi jù sílẹ̀.

"Awò ìràwọ̀" ló kọ́kọ́ wù mí. A ti ní awò ojú, kí ló dé tí a ò ní ní awò ìràwọ̀? Ó yá, ẹ pè é kíákíá, bí ẹni tí kì í ṣe olùkọ́. Fáwẹ́lì á pa ara wọn jẹ, "awòràwọ̀" ló máa bọ́ sílẹ̀. Ẹ sì mọ ẹni tí Yorùbá ń pè bẹ́ẹ̀: ẹni tó ń fi ìràwọ̀ sọ ohun tó ń bọ̀ wá bá èèyàn. Ẹ jẹ́ n délé wí fún ìyá mi pé mo ra awò ìràwọ̀, kó tó di ọ̀sán wọ́n á ti máa wá béèrè lọ́wọ́ mi ìgbà tí ọmọ wọn máa rọ́kọ fẹ́. Èyí tí ojú mi rí lóru yẹn ti tó. Aládùúgbò mi kan yọjú lórí ògiri, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kì í ṣe ìbọn lẹ gbé lé ẹsẹ̀ mẹ́ta yẹn?"

Ìdí tí mo fi mú "awò sánmà" wá nìyẹn. Kọ́ńsónáǹtì ló ṣíwájú sánmà, kò sí ohun tí awò máa rí jẹ níbẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ọwọ́ Lárúbáwá la ti yá sánmà, òótọ́ ni, ibẹ̀ náà la ti yá àlàáfíà, n ò sì tíì rẹ́ni tó dá a padà. Àwọn Òyìnbó pàápàá yá tiwọn. Perspicillum, ọ̀rọ̀ Látìnì, ni Galileo, onímọ̀ ìràwọ̀ ará Ítálì, ń pè é nínú ìwé tó tẹ̀ jáde lọ́dún 1610. Ọdún kejì rẹ̀, níbi àsè tí wọ́n fi yẹ́ ẹ sí ní Róòmù, ni Giovanni Demisiani, tó jẹ́ ọmọ Gíríìsì, fi èdè àwọn baba rẹ̀ sọ ọ́ ní teliskóòpù.

Mi ò ní pẹ́ lórí àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀. Aládùúgbò tí mo wí yẹn, onífọ́tò ni. Nígbà tí ẹ̀rù kúrò lára rẹ̀, ó gba bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ mi: "Fókọ́ọ̀sì ẹ̀ ò tíì jókòó." Fókọ́ọ̀sì àti lẹ́ǹsì ti wà lẹ́nu àwọn tó ń lò ó, ẹ jẹ́ ká fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Lórí ọ̀rọ̀ òṣùpá ni ìjà wà. Júpítà, ọ̀kan lára àwọn ayé tó ń yí òòrùn po bíi tiwa, ni onífọ́tò yẹn ń wò, àwọn ẹ̀kán ìmọ́lẹ̀ mẹ́rin sì tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí ìlà kan. Mo ní òṣùpá Júpítà ni wọ́n. Ó gbójú sókè: "Òṣùpá mélòó ni Ọlọ́run dá?" Kó tó bojú padà, Júpítà ti yọ́ jáde kúrò nínú awò, nítorí ayé ń yí, a sì ní láti máa sún ẹnu awò tẹ̀ lé e. Ìbéèrè rẹ̀ kò yọ́ lọ ní tèmi. Òṣùpá ni a fi ń ka oṣù, Io, ọ̀kan nínú mẹ́rin yẹn, sì ń yí Júpítà po láàárín ọjọ́ tí kò pé 2. Oṣù wo nìyẹn? Lọ́dún 1611 Kepler, onímọ̀ ìràwọ̀ ará Jámánì, lo satelles fún wọn, ọ̀rọ̀ Látìnì fún ẹni tó ń tẹ̀ lé ènìyàn ńlá kiri. Àwọn kan ní ká sọ pé "ọmọlẹ́yìn". Ṣọ́ọ̀ṣì ti gba ìyẹn. Bí mo bá gbọ́ "ọmọlẹ́yìn Júpítà", ìwàásù ni mo máa retí. "Ẹmẹsẹ̀" ni mo fẹ́, ìyẹn àwọn ìránṣẹ́ ààfin Ọọ̀ni ní Ifẹ̀: Io, Europa, Ganymede àti Callisto, ẹmẹsẹ̀ Júpítà. Bí àwọn ará Ọ̀yọ́ bá ní ìlàrí làwọn mọ̀, mi ò ní bá wọn jà.

Ọ̀kan wà tí mi ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn. Ẹnì kan kọ "Fẹ́nọ́sì", bíi pé a ò ní Àgùàlà! Ó ti wọ̀ kí n tó gbé awò jáde lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ṣùgbọ́n láti ìgbà Galileo ni wọ́n ti mọ̀ pé ẹni tó bá fi awò wò ó á rí i pé nígbà mìíràn ó máa ń tẹ̀ bí oṣù tuntun, nígbà mìíràn á kún. Òòrùn ló ń yí po, kì í ṣe òṣùpá. Ẹ sì gbọ́ ohun tí àwọn àgbà ti wí: "Àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣebí ajá rẹ̀ ni, Àgùàlà kì í ṣe ajá oṣù."

Ó ku "ọdún ìmọ́lẹ̀", tí wọ́n kọ fún bí ìràwọ̀ ṣe jìnnà tó. Ẹni tó bá gbọ́ ọ á ṣe àmín. Ọ̀nà ni wọ́n ń fi wọ̀n, kì í ṣe ìgbà, bẹ́ẹ̀ a sì ti ní bí a ṣe ń wọn ọ̀nà jíjìn: ìrìn ọjọ́ kan, ìrìn ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ jẹ́ ká kúkú sọ pé Sirius jìnnà sí wa ní ìrìn ìmọ́lẹ̀ fún ọdún 8 àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀, kí Pleiades jẹ́ ìrìn ìmọ́lẹ̀ fún nǹkan bí ọdún 440. Onífọ́tò wa gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, ohun tó béèrè ni pé, "Ẹsẹ̀ ìmọ́lẹ̀ ọ̀hún yá tó báwo?" Mo ní ó ń rin nǹkan bíi kìlómítà 300,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan.