Ọmọ ń jẹun, kò hàn lára rẹ̀

Ìyá Àbẹ̀kẹ́, Ìbàdàn:

Láti àná ni mo ti ń ka ohun tí ẹ̀yin òbí ń kọ síbí nípa ọmọ yín tó ń jẹun tí kò hàn lára rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi náà.

Àbẹ̀kẹ́ pé ọmọ ọdún mẹ́ta, aṣọ èṣí ṣì ń gbà á. Ikùn rẹ̀ rí róńdó, apá rẹ̀ tínínrín. Tó bá jẹun díẹ̀, á ní inú ń run òun, á ti àwo sẹ́yìn. Kò sí oṣù tí ìgbẹ́ gbuuru kì í ṣe é. Wọ́n ní eyín ló ń hù. Eyín hù tán, wọ́n ní jẹ̀díjẹ̀dí ni. Mo fún un lágbo, mo fún un ní oògùn aràn, pàbó ló já sí. Èyí tó dùn mí jù ni pé àwọn ará àdúgbò rò pé mi ò fún un lóúnjẹ, èmi tí mò ń ta ẹ̀wà!

Nígbà tí nọ́ọ̀sì fi téèpù wọn apá rẹ̀, 12.1 sẹ̀ǹtímítà ni, ó bọ́ sí ibi yẹ́lò. Ó ní tó bá fi lè rẹlẹ̀ ju 11.5 lọ, ibi pupa nìyẹn, àìjẹunrekánú tó le gan-an ni. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ náà ò tó, PCV rẹ̀, ìyẹn òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe tó lára, jẹ́ 26. Oṣù mẹ́ta ló fi mu oògùn ẹ̀jẹ̀, kò gòkè.

Torí pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ò ṣiṣẹ́ ni dókítà àwọn ọmọdé fi ní ká yẹ ìgbẹ́ rẹ̀ wò. Kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní H. pylori ló wà nínú ikùn ọmọ mi. Ó ní ọ̀pọ̀ wa ló ti kékeré kó o, tí kò sì ṣe wá ní nǹkan kan, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi yẹ gbogbo ọmọ tó bá rù wò. Ṣùgbọ́n lára àwọn míì, ó máa ń mú kí omi kíkan inú ikùn dín kù, ara ò ní lè fa èròjà tó ń di ẹ̀jẹ̀ mọ́ra, kòkòrò ìgbẹ́ gbuuru á sì rọ́nà kọjá. Ó ní ní abúlé Keneba, ní Gambia, wọ́n ti rí i pé ìdàgbàsókè àwọn ìkókó tó tètè kó o máa ń fà sẹ́yìn.

Ó ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ láti ẹnu ẹlòmíì ló ti kó o, ó wá bi mí pé, “Ta ló ń bá a rún oúnjẹ lẹ́nu kó tó jẹ ẹ́?”

Ọkàn mi lọ sọ́dọ̀ màámi. Àwọn ló máa ń rún ẹran kúnná kí wọ́n tó fi sí i lẹ́nu. Ó sì ti pẹ́ tí inú ti ń ta wọ́n.

Orí ìkúnlẹ̀ ni mo ti sọ fún wọn. Wọ́n dákẹ́ lọ títí, wọ́n ní, “Ṣé èmi ni mò ń pa ọmọ mi?” Mo ní rárá o, ìfẹ́ ni, a ò sì mọ ẹni tó kọ́kọ́ kó o nínú wa. Wọ́n yẹ àwọn náà wò, ó wà lára wọn, wọ́n gba ìtọ́jú.

Ọjọ́ 14 ni Àbẹ̀kẹ́ fi lo oògùn, oríṣi mẹ́ta. Ó korò, ó bì í lọ́jọ́ kẹta, mo sunkún, a tún fún un. Nígbà tó lé lóṣù kan tó parí rẹ̀, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kòkòrò ti lọ. Oògùn ẹ̀jẹ̀ kan náà yẹn ló wá ṣiṣẹ́: PCV di 33. Oúnjẹ tí mò ń fún un ni ògì tí mo po sóyà àti edé mọ́, ẹ̀wà, ẹyin kan lójúmọ́. Ẹ̀yin tí wọ́n sọ fún pé ẹyin ń sọ ọmọ di olè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún ọmọ lẹ́yin.

Bàbá Ìbejì, Ṣakí:

Ẹ kú ìtọ́jú o, Ìyá Àbẹ̀kẹ́. Ìgbẹ́ gbuuru ló fẹ́ gbé Kẹ́hìndé wa lọ. Wọ́n fún wa ní omi iyọ̀ àti ṣúgà onípákẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú oògùn kan tó ń jẹ́ zinc. Bí ìgbẹ́ ṣe ki lọ́jọ́ kẹrin, mo dá zinc dúró. Àṣìṣe mi nìyẹn, ọjọ́ 10 sí 14 ni wọ́n ní ká lò ó. Ó tún padà dé. Apá rẹ̀ ti tínínrín báyìí. Ṣé kí n lọ yẹ H. pylori wò?

Ìyá Àbẹ̀kẹ́:

Bàbá Ìbejì, ẹ kọ́kọ́ gbé àwọn méjèèjì lọ kí wọ́n wọn apá wọn. Dókítà ló máa sọ bóyá àyẹ̀wò yẹn kàn yín. Ẹ lọ lọ́la, ẹ má jẹ́ ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Màámi ní kí n kí yín. Wọ́n ti ra odó kékeré kan, inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń gún ẹran Àbẹ̀kẹ́ báyìí.