Irú bàtà wo ni kí n rà fún iṣẹ́ ìdúró? Gìgísẹ̀ mi ò jẹ́ kí n gbádùn mọ́

Ọmọ Ọ̀fà ní Mararaba
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Kaṣíà ni mí ní súpámákẹ́ẹ̀tì kan ní Wuse 2. Látàárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, orí ìdúró la wà, lórí táìsì, kò sí àga, máníjà ò sì fẹ́ rí ẹni tó fara ti káńtà. Bàtà dúdú tó bo ọmọ ìka ni wọ́n ní ká máa wọ̀. Wọn ò gba sálúbàtà, wọn ò sì gba kámbàsì aláwọ̀ mèremère. Èyí tí mo ń wọ̀ báyìí ni àwọn pẹlẹbẹ tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà ní Berger, ó fúyẹ́, ó rọ̀ débi pé èèyàn lè ká a sínú báàgì. Ṣùgbọ́n bí mo bá jí láàárọ̀ tí mo gbé ẹsẹ̀ lélẹ̀, ṣe ni gìgísẹ̀ ọ̀tún á ta mí bíi pé mo tẹ ìṣó. Bí mo bá rìn dé balùwẹ̀, á dín kù díẹ̀. Nírọ̀lẹ́, ẹsẹ̀ méjèèjì á ti wú, ojú ìbọ̀sẹ̀ á ti kọ sí mi lẹ́sẹ̀. Owó tí mo lè yọ kò ju ₦20,000 lọ, owó ọkọ̀ ti ń jẹ owó oṣù tán. Ṣé kí n ra tuntun ni àbí bọ́síkọ́nà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀ o.

Ìyá Ìbejì, Kubwa
Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ra sálúbàtà fóòmù yẹn, èyí tó nípọn, kó o gbé e sábẹ́ káńtà. Ta ló ń wo ẹsẹ̀ kaṣíà? Tó o bá délé, fi òrí pa á dáadáa.

Alásè Jabi
Ìyá, wọ́n ní wọn ò gba sálúbàtà, ẹ ní kó gbé e pamọ́! Bí máníjà bá ká a mọ́ ọn ńkọ́? Ilé ìdáná hòtẹ́ẹ̀lì ni mo wà, àwa náà ò jókòó. Àbúrò, bàtà tó ń ká yẹn ló ń bá ẹ jà. Nǹkan tó rọ̀ máa ń dùn mọ́ ẹsẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, àmọ́ tó bá di ọ̀sán, bí ẹni dúró lórí táìsì lásán ló máa rí. Mo fara mọ́ bàtà tó le díẹ̀ nísàlẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Kàdúná
Òótọ́ ni Alásè sọ. Àbúrò mi, ìrora tó máa ń le jù nígbà téèyàn bá kọ́kọ́ tẹ ilẹ̀ láàárọ̀, tó wá ń rọlẹ̀ béèyàn ṣe ń rìn, ó jọ ohun tí àwọn dókítà ń pè ní plantar fasciitis. Iṣan pẹlẹbẹ kan ló wà lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀, tó so gìgísẹ̀ mọ́ ìdí ọmọ ìka. Bí bàtà ò bá gbé àárín ẹsẹ̀ dúró, iṣan yẹn ló ń ru gbogbo ẹrù. Láti òkèèrè ni mo ti ń sọ̀rọ̀ o. Bó bá kọ̀ tí kò lọ, jẹ́ kí dókítà fọwọ́ kàn án.

Nígbà tó o bá fẹ́ ra bàtà, di orí àti ìdí rẹ̀ mú, kó o tẹ̀ ẹ́. Ibi tí ọmọ ìka ti ń tẹ̀ béèyàn bá ń rìn nìkan ni ó yẹ kó ti tẹ̀. Bó bá ká láàárín, dá a padà fún wọn. Fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tó ń di gìgísẹ̀ mú: kò gbọdọ̀ rì wọlé. Gíga rẹ̀ lẹ́yìn, sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 ti tó. Pẹlẹbẹ pátápátá ò dáa fún ẹ lásìkò yìí, gogoro ò sì dáa fún ẹnikẹ́ni tó ń dúró. Níwájú, kí ìka tó gùn jù ní àlàfo tó tó ìbú àtàǹpàkò kan.

Láàárọ̀, kó o tó sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, fi ọwọ́ fa ọmọ ìka ẹsẹ̀ wá sọ́dọ̀ ara rẹ, kó o dì í mú díẹ̀. Lálẹ́, wọ ìbọ̀sẹ̀, kó o máa yí ìgò omi oníke tó ti dì ní yìnyín lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀. Ìyẹn bí iná bá wà o.

Oníbọ́síkọ́nà Mararaba
Àǹtí, ẹ jẹ́ n gbèjà ọjà mi. Pẹ̀lú ₦20,000, bọ́síkọ́nà tó dáa á gbà yín ju tuntun tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ojú ni wọ́n fi ń rà á. Ẹ gbé méjèèjì sórí nǹkan tó tẹ́jú, kí ẹ wò ó láti ẹ̀yìn. Bó bá ti dà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ìrìn ẹni tó kọ́kọ́ ni ín ló ti bà á jẹ́, ẹ ò lè tún un ṣe. Ẹ fa awẹ́ tó tẹ́ inú rẹ̀ jáde. Èyí tó bá ṣeé fà jáde ló dáa, torí ẹ lè ra òmíràn tó gbé àárín ẹsẹ̀ sókè kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ oníbàárà ò mọ̀ rèé. Àwọn sóòlù kan wà tó jẹ́ fóòmù polyurethane, bí wọ́n bá ti pẹ́ ní àpamọ́, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ á ti jẹ ẹ́ láti inú. Bàtà náà á máa dán lókè, tẹ́ ẹ bá wọ̀ ọ́ dé ibi iṣẹ́, sóòlù á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ wúruwùru, ẹ ó máa já a sílẹ̀ káàkiri. Ẹ fi èékánná tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bó bá rì tí kò padà, tàbí tó ń yọ ìyẹ̀fun, ẹ má gbọ́ tẹnu ẹni tó ń tà á, kódà bó jẹ́ èmi ni.

Bó bá jẹ́ awọ tí kì í ṣe dúdú, kò burú. Màlámù tó ń gbá àpótí kiri á fi dáì pa á fún yín, á sì rán ibi tó bá ti tú.

Alájàpá Kano
Awọ ni kó rà jàre. Ní Kofar Wambai níbí, wọ́n á ṣe bàtà awọ tí iwájú rẹ̀ fẹ̀ fún ẹ bó o bá ní kí wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀. Awọ máa ń gba ẹsẹ̀ bó bá yá, rábà ò mọ ìyẹn.

Nọ́ọ̀sì Kàdúná
Ẹ̀gbọ́n, awọ lókè dáa. Ṣùgbọ́n bí sóòlù náà bá jẹ́ awọ, lórí táìsì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù, ó ti ṣubú nìyẹn. Kí wọ́n lẹ rábà tó ní ìlà mọ́ ọn nísàlẹ̀.

Ṣójà fẹ̀yìntì, Zaria
Bàtà méjì ló yẹ kí ẹni tó ń dúró ní. Èyí tó o wọ̀ lónìí ti mu òógùn, jẹ́ kó sinmi lọ́la kó gbẹ. Mo mọ̀ pé owó ni ọ̀rọ̀ ẹ, kọ́kọ́ ra ọ̀kan, kó o tu owó èkejì jọ. Ra èyí tó ní okùn, torí okùn lo lè dẹ̀ nírọ̀lẹ́ tí ẹsẹ̀ bá wú. Bí ọyẹ́ bá dé, tètè máa fi òrí pa gìgísẹ̀ kó tó sán. Lórí èyí, mo gbè sẹ́yìn Ìyá Ìbejì. Ẹni tó bá sì ní àtọ̀gbẹ, kó máa gbọn bàtà rẹ̀ dànù, kó fọwọ́ wo inú rẹ̀ kó tó wọ̀ ọ́. Òkúta kékeré lè gún un kó má mọ̀.

Tíṣà Gwagwalada
Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ ya ìbéèrè tèmi mọ́ ọn. Oyún oṣù 7 ni mo wà, tíṣà pírámárì ni mí. Gbogbo bàtà mi ti há. Ṣé kí n kàn máa ra èyí tó tóbi sí i ni?

Nọ́ọ̀sì Kàdúná
Bẹ́ẹ̀ ni ma, ẹ fi nọ́ńbà kan kún un, kí ẹ sì máa jókòó nígbà tí àwọn ọmọ bá ń kọ iṣẹ́. Kí ẹsẹ̀ wú díẹ̀ nírọ̀lẹ́, ó wọ́pọ̀. Ṣùgbọ́n bí ojú tàbí ọwọ́ bá wú lójijì, tí orí ń fọ́ yín gan-an, tàbí tí ojú yín ń ṣú, ẹ má dúró de ọjọ́ àyẹ̀wò, ẹ gba ọsibítù lọ lọ́jọ́ náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá wú, tó gbóná, tí ẹran ẹ̀yìn ojúgun ń dùn yín. Ìyẹn kan gbogbo wa, aláboyún tàbí kì í ṣe aláboyún, ẹ̀jẹ̀ lè ti dì níbẹ̀.

Kaṣíà wa, ìwọ náà gbọ́: ìdúró sójú kan burú ju ìrìn lọ. Ẹran ẹ̀yìn ojúgun yẹn ló ń ti ẹ̀jẹ̀ padà sókè bó o bá ń gbé ẹsẹ̀. Bí oníbàárà ò bá sí níwájú ẹ, máa gun orí ọmọ ìka, kó o sọ̀ kalẹ̀.

Alásè Jabi
Páálí kò wọ́n yín ní súpámákẹ́ẹ̀tì. Tẹ́ ẹ sílẹ̀ ní ìpele méjì mẹ́ta níbi tó o máa ń dúró sí. Wá àpótí kékeré kan pẹ̀lú, máa gbé ẹsẹ̀ kan lé e, kó o sì máa pààrọ̀ wọn. Ẹ̀yìn ẹ náà á mọ̀ ọ́n lára.

Ọmọ Ọ̀fà ní Mararaba
Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Mo ti tẹ bàtà mi wò bí ẹ ṣe ní, ibi gbogbo ló ń ká. Páálí ò ní í ṣòro, ọ̀rẹ́ mi ló ń kó ẹrù sórí pẹpẹ. Bọ̀ọ̀dá Oníbọ́síkọ́nà, nọ́ńbà 40 ni mò ń wọ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọ̀tún tóbi ju òsì lọ díẹ̀. Ṣé láàárọ̀ Sátidé ni kí n wá?

Oníbọ́síkọ́nà Mararaba
Ẹ má wá láàárọ̀. Ẹ dé lẹ́yìn iṣẹ́, nígbà tí ẹsẹ̀ ti wú, ká lè mọ bó ṣe rí gan-an. Ẹ mú ìbọ̀sẹ̀ tí ẹ fi ń ṣiṣẹ́ dání, ẹsẹ̀ ọ̀tún la ó sì fi wọn ọjà. 40 ti ilé iṣẹ́ kan lè jẹ́ 41 ti òmíràn, torí náà mi ò ní í ta nọ́ńbà fún yín. Awọ dúdú méjì kan wà nílẹ̀ tó ní okùn. Mo máa yà wọ́n sọ́tọ̀ di aago 7.

Ìyá Ìbejì, Kubwa
Yà á sọ́tọ̀ fún èmi náà, nọ́ńbà 42. Kó má wọ́n o.