Ìmọ̀ràn lórí fífi bátìrì kejì sínú Hilux nítorí fíríìjì àjẹsára

Oníwòsàn Adìẹ (Ìjẹ̀bú-Òde)

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi, mo kí yín. Iṣẹ́ mi ni kí n máa gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára adìẹ láti Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí àwọn oko tó wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó, Àgọ́-Ìwòyè, àti ní apá J4 nínú igbó Ọmọ. Hilux 2012 oní-pẹtiróòlù, ẹ́ńjìnnì 2.7, tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ń fà, ni mo ń wà. Fíríìjì kékeré tí ń lo fólìtì 12 wà lẹ́yìn àga mi, nítorí pé àjẹsára Newcastle àti ti Gumboro, àrùn adìẹ méjì, kò gbọdọ̀ kúrò láàárín ìwọ̀n 2 sí 8 lórí Celsius títí a ó fi lò wọ́n.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, mo dé oko kan lẹ́yìn J4 ní aago mẹ́jọ àárọ̀. Mo pa ẹ́ńjìnnì, mo fi fíríìjì sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́, nítorí pé adìẹ ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ló ń dúró de abẹ́rẹ́. Nígbà tí a parí ní nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, mo yí kọ́kọ́rọ́, “ta-ta-ta” nìkan ni mo gbọ́. Kò sí ọkọ̀ mìíràn nítòsí tí a lè fi wáyà gba iná lára rẹ̀. Àwọn ọmọ oko ló tì mí nínú ẹrẹ̀ títí ẹ́ńjìnnì fi gbà, ọ̀kan lára wọn sì fi bàtà rẹ̀ sílẹ̀ síbẹ̀.

Rẹwáyà kan ní kí n ra bátìrì kejì, kí òun so pupa mọ́ pupa, dúdú mọ́ dúdú, ó parí. Ọkàn mi kò balẹ̀ sí i. Ẹ jọ̀wọ́, irú bátìrì wo ni kí n rà, ibo ni kí n gbé e sí, kí ni yóò là wọ́n láàárín, báwo sì ni wáyà ṣe gbọ́dọ̀ nípọn tó?

Rẹwáyà Àgbà (Fọlágbadé, Ìjẹ̀bú-Òde)

Dókítà, ẹ kú ewu ọ̀nà. Ẹ má gbà fún ẹni tó fẹ́ so pupa mọ́ pupa. Bí bátìrì méjì bá ti so pọ̀ láìsí ohun tó là wọ́n, bátìrì kan ṣoṣo ni wọ́n dà: fíríìjì yóò mu ti iwájú, yóò mu ti ẹ̀yìn, yóò kàn pẹ́ díẹ̀ sí i kí ọkọ̀ tó kọ̀ ni. Kò mọ síbẹ̀ o. Bí ọ̀kan bá ti gbó tí èkejì sì jẹ́ tuntun, èyí tó gbó yóò máa fa iná ara tuntun mọ́ra lóru, títí àwọn méjèèjì yóò fi jọ di aláìsàn.

Ohun tí mo máa ń lò ni rílé tí ń ka fólìtì, súìṣì tí ń so iná tàbí já a fúnra rẹ̀. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, alternator, ẹ̀rọ tí ń ṣe iná fún ọkọ̀, máa ń gbé iná jáde ní nǹkan bí fólìtì 13.8 sí 14.4, nígbà tí ẹ bá pa á, tí bátìrì sì ti sinmi, èyí tó kún dáadáa kì í ju 12.6 sí 12.8 lọ. Ìyàtọ̀ yẹn ni rílé yìí ń wò. Bí iná bá gòkè dé nǹkan bí 13.3, ó so méjèèjì pọ̀ kí alternator lè bọ́ wọn pa pọ̀. Bí ó bá wálẹ̀ dé nǹkan bí 12.8, ó yà wọ́n sọ́tọ̀, fíríìjì kò sì lè fọwọ́ kan bátìrì tí ń sítaàtì ọkọ̀ mọ́. Súìṣì tí a ń fi ọwọ́ yí náà wà, kì í sì í tètè bàjẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ti fi gbogbo ọjọ́ gún adìẹ ní abẹ́rẹ́ yóò gbàgbé rẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Ohun tí mo bá wọn jà sí jù ni rílé iná iwájú, oní-áńpù 40, tí àwọn kan máa ń so mọ́ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. Bí ẹ bá ti yí kọ́kọ́rọ́, ó ti so bátìrì méjèèjì pọ̀ kí ẹ́ńjìnnì tó gbà. Sítátà yóò wá máa fa iná tó lé ní ọgọ́rùn-ún áńpù, apá kan rẹ̀ yóò sì gba inú rílé kékeré yẹn kọjá. Mo ti tú mélòó kan tí irin inú rẹ̀ ti yọ́ mọ́ra wọn, tí kò ṣí mọ́ láéláé, tí ẹni tó ni ọkọ̀ sì rò pé òun ní bátìrì méjì tó yàtọ̀ síra.

Ní ti wáyà, ẹ wo ìṣirò yìí. Láti abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì dé ibi ìkẹ́rù lẹ́yìn Hilux, ẹ óò nílò nǹkan bí mítà márùn-ún. Bí áńpù 40 bá ń gba inú wáyà 6mm kọjá, yóò jẹ nǹkan bí fólìtì 0.6 mọ́ ọ̀nà, bátìrì ẹ̀yìn kò sì ní kún láéláé. Wáyà 16mm kì yóò jẹ ju nǹkan bí 0.2 lọ. Kí wáyà náà jẹ́ bàbà gidi. Ẹ fi ọ̀bẹ ha ọ̀kan nínú àwọn okùn tẹ́ẹ́rẹ́ inú rẹ̀: bí ó bá pupa wọ inú, bàbà ni, bí funfun bá yọ, wọ́n kàn fi bàbà kun alumíníọ̀mù lára ni, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á. Wáyà àwọn wẹ́dà, èyí tó rọ̀, ni mo máa ń rà, nítorí pé wáyà ilé máa ń le, ó sì máa ń kán níbi tí ọkọ̀ bá ti ń gbọ̀n.

Ọmọ Mákùn (Ṣàgámù)

Gbogbo ohun tí Ẹ̀gbọ́n Rẹwáyà sọ ni mo fọwọ́ sí, àfi pé wọn kò tíì dé orí fíùsì, fíùsì gan-an ló sì fẹ́ jó ọkọ̀ tèmi.

4Runner ni mo ní. Ẹni tó ṣe é fún mi fi fíùsì kan ṣoṣo sí i, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì iwájú, ó sì gba wáyà náà kọjá nínú ihò irin tó pààlà láàárín ẹ́ńjìnnì àti ibi ìjókòó, láìfi rọ́bà sí etí ihò náà. Fún oṣù mẹ́rin, irin ń fi díẹ̀díẹ̀ bó wáyà lára, n kò sì mọ̀. Lọ́jọ́ kan, bí mo ṣe ń yà kúrò lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn láti wọ Ṣàgámù, òórùn rọ́bà tó ń jó ta sí mi nímú, èéfín sì ń rú jáde lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Mo dúró, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, fíùsì iwájú ti já bí ó ti yẹ. Ṣùgbọ́n wáyà ṣì ń pọ́n! Bátìrì ẹ̀yìn ló ń bọ́ iná náà láti òdìkejì, kò sì sí fíùsì níbẹ̀. Spánà nọ́ńbà 10 ni mo fi tú orí bátìrì náà, ojú àpá iná yẹn ṣì wà ní àtàǹpàkò mi di òní.

Nítorí náà, Dókítà, fíùsì méjì ni o: ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì kọ̀ọ̀kan, kí ó má jìnnà sí i ju ìka àtàǹpàkò sí ìka àárín tí ẹ bá nà wọ́n lọ. Fún wáyà 16mm, fíùsì áńpù 60 ti tó. Ibikíbi tí wáyà bá ti gba inú irin, ẹ fi rọ́bà sí i, ẹ fi wáyà náà sínú páìpù tó ní ìlà-ìlà, kí ó sì jìnnà sí sàlẹ́ńsà.

Ìyá Ẹlẹ́yin (Ìpẹru)

Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Adìẹ ẹlẹ́yin ni mo ń sìn, n kì í ṣe rẹwáyà, ṣùgbọ́n ìbéèrè méjì wà lọ́kàn mi kí ẹ tó náwó.

Èkíní, ṣé bátìrì tó wà níwájú yẹn gan-an kò tíì kú? Fíríìjì tó wà nínú ọkọ̀ ọkọ mi máa ń fa nǹkan bí áńpù mẹ́rin nígbà tí ẹ́ńjìnnì fíríìjì náà bá ń dún, ó sì máa ń sinmi ní bí ìdajì àkókò. Ìyẹn fi jẹ́ áńpù méjì fún wákàtí kọ̀ọ̀kan. Wákàtí mẹ́sàn-án, áńpù-wákàtí (Ah) méjìdínlógún. Bátìrì 70Ah tó bá ní ìlera kò yẹ kó wólẹ̀ lórí iyẹn.

Èkejì, láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Ìjẹ̀bú-Igbó kò gba wákàtí kan bí ọ̀nà bá dá. Bátìrì olómi kì í kún kíákíá: ó máa ń gba iná dáadáa ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ìdá márùn-ún ìkẹyìn máa ń gba ọ̀pọ̀ wákàtí. Bí ẹ bá ń dá ìrìn kúkúrú lójoojúmọ́, bátìrì kejì yóò kàn máa rù ni.

Ẹ lè sọ pé kí n lo kúlà àti yìnyín. Mo ń lò ó, ó sì ń ṣiṣẹ́ fún ilé kan tàbí méjì. Ewu rẹ̀ ni pé àjẹsára olóròóró bí ó bá fara kan yìnyín tó sì dì, ó ti bàjẹ́ nìyẹn, ojú lásán kò sì lè fi ìyàtọ̀ rẹ̀ hàn. Nítorí náà n kò sọ pé kí ẹ pa fíríìjì tì. Mo ní kí ẹ kọ́kọ́ wọn ohun tí ẹ ní.

Ará Ìlíṣàn

Ẹ̀yin àgbà, ṣé a kò lè yan lítíọ́ọ̀mù? Bátìrì lítíọ́ọ̀mù 100Ah kò wúwo ju nǹkan bí kílò 12 lọ, nígbà tí olómi tó bá a dọ́gba máa ń sún mọ́ 30. Olómi kò fẹ́ kí a lò ó kọjá ìdajì bí a bá fẹ́ kó pẹ́. Lítíọ́ọ̀mù yóò fún yín ní ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún láìráhùn, ó sì máa ń tètè kún, èyí tó dáhùn ìbéèrè Ìyá Ẹlẹ́yin.

Rẹwáyà Àgbà

Àbúrò, òótọ́ lo sọ, ṣùgbọ́n má fi rílé so ó mọ́ alternator. Lítíọ́ọ̀mù kì í kọ iná: gbogbo ohun tí alternator bá lè gbé ni yóò máa gbà, bí ọkọ̀ bá sì wà nínú ẹrẹ̀ tó ń rá pálá, tí afẹ́fẹ́ kò fẹ́ sí i lára dáadáa, alternator yóò jóná. Àfi kí cháájà tó ń gba iná 12 tó sì ń gbé 12 jáde wà láàárín wọn, èyí tí yóò sọ pé áńpù 20 tàbí 30 ni, kò jù bẹ́ẹ̀. Kò sì yẹ kí a gbé lítíọ́ọ̀mù sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, nítorí ooru. Bí owó bá wà, ọ̀nà tó dára ni. Bí owó kò bá tó, AGM, irú bátìrì tí a dí pa tí omi inú rẹ̀ kì í dà, pẹ̀lú rílé yóò ṣiṣẹ́ náà.

Ìyá, ẹ ṣeun fún ọ̀rọ̀ ìwọ̀n yẹn. Dókítà, ẹ mú mítà. Ẹ wo bátìrì iwájú ní àárọ̀ kí ẹ tó ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ rárá. Ẹ tún wò ó nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, kí ẹ sì wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn ìrìn ìdajì wákàtí. Àwọn ọkọ̀ tuntun kan wà tí kọ̀ǹpútà wọn máa ń dín iná alternator kù bí bátìrì bá ti kún; irú wọn máa ń da rílé láàmú, cháájà ni wọ́n ń fẹ́. Bí tiyín bá dúró sórí 14, rílé ti tó.

Kí n má gbàgbé: bátìrì olómi kò gbọdọ̀ wọ inú ibi tí ènìyàn jókòó sí. Bí ó bá ń gba iná, gáàsì tí ń gbiná máa ń jáde lára rẹ̀.

Oníwòsàn Adìẹ

Mo ti wọ̀n ọ́n. Ní àárọ̀, 12.2, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, 14.1, lẹ́yìn ìrìn dé Àgọ́-Ìwòyè, 14.0. Fíríìjì ń fa áńpù 4.2 nígbà tó bá ń dún. Ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n fi ẹ̀rọ dán bátìrì iwájú wò, kò lè gbé ẹrù mọ́ rárá. Ìyá Ẹlẹ́yin, ọ̀rọ̀ yín ló ṣẹ: ó ti kú, n kò kàn tíì sin ín ni.

Mo ti ra tuntun síwájú. Fún ẹ̀yìn, mo ra AGM 100Ah. Inú àpótí irin tí mo ní kí wẹ́dà ṣe ló wà, ní ibi ìkẹ́rù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kábíìnì, bọ́ọ̀tì mẹ́rin ló dè é mọ́lẹ̀, àgádágodo sì wà lẹ́nu rẹ̀, nítorí pé ohun tó ṣeé gbé kì í sùn síta ní àdúgbò wa. Rílé, fíùsì méjì, wáyà wẹ́dà 16mm, rọ́bà nínú gbogbo ihò. Ní alẹ́ Sátidé, mo máa ń so cháájà ilé mọ́ ọn bí iná bá wà, kí ó lè kún dé òkè.

Ọmọ Mákùn

Wáyà dúdú ńkọ́? Ibo ni ẹ dè é mọ́?

Oníwòsàn Adìẹ

Mọ́ ara irin ọkọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí. Ẹ̀gbọ́n Rẹwáyà fúnra wọn ló fi sáńpépà ha ọ̀dà kúrò níbẹ̀ títí irin fi ń dán, wọ́n dè é, wọ́n sì fi gíríìsì bò ó.

Mo padà sí oko J4 yẹn ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ìdúró wákàtí mẹ́sàn-án, bíi ti àkọ́kọ́. Nígbà tí a parí, bátìrì ẹ̀yìn wà lórí 12.5, ti iwájú wà lórí 12.7, fíríìjì sì wà lórí 4. Ọmọ tó pàdánù bàtà lọ́jọ́sí ti dúró sẹ́yìn ọkọ̀, ó ti ká ṣòkòtò sókè dé orúnkún.

Rẹwáyà Àgbà

Ẹ kú oríire. Ẹ gbé e wá ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kí n tún àwọn bọ́ọ̀tì orí bátìrì fún. Ọ̀nà J4 kì í jẹ́ kí bọ́ọ̀tì tuntun dúró síbi tí a fi í sí.