Kí ló dé tí DAPT kì í jẹ́ mọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan?

Ìbéèrè
Ẹ kú iṣẹ́ o. Bí a bá da oògùn DAPT sí cochlea (ẹ̀yà inú etí tó ń gbọ́ ohùn) ọmọ eku tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bí nínú àwo, àwọn sẹ́ẹ̀lì alátìlẹ́yìn kan á di sẹ́ẹ̀lì onírun, ìyẹn àwọn tó ń gba ohùn. Tí eku bá ti pé ọ̀sẹ̀ kan, oògùn kan náà kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe nǹkan kan. Jíìnì kankan kò sá kúrò nínú DNA rẹ̀. Kí ló wá yí padà? Báwo la ṣe lè yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tí iye sẹ́ẹ̀lì kéré tó báyìí?

Èsì 1
Notch, ìyẹn olùgba àmì tó wà lára sẹ́ẹ̀lì, ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Sẹ́ẹ̀lì tí Atoh1 (jíìnì tó ń sọ sẹ́ẹ̀lì di onírun) bá ti jí nínú rẹ̀ máa ń fi purotéènì Dll1 àti Jag2 tan Notch lára aládùúgbò rẹ̀. Aládùúgbò á ṣe purotéènì Hes1 àti Hes5, àwọn wọ̀nyí á sì tẹ Atoh1 tirẹ̀ rì. DAPT ń dí ẹ́ńsáìmù gamma-secretase lọ́wọ́, kò sí ohun tó máa gé Notch, ìdènà á tú. Ṣùgbọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, Notch fúnra rẹ̀ ti ń rọ̀ sílẹ̀. Kí ni DAPT fẹ́ dí mọ́?

Èsì 2
Òótọ́ ni, àmọ́ kò tán síbẹ̀. Ẹ ti Atoh1 wọlé tipátipá sínú sẹ́ẹ̀lì alátìlẹ́yìn àgbà, ìwọ̀nba díẹ̀ ló máa yí, wọn kì í sì í gbó dáadáa. Chromatin, ìyẹn DNA àti purotéènì histone tó wé mọ́, ni wàhálà. Nínú ọmọ tuntun, àmì H3K4me1 (àmì kẹ́míkà lára histone) ṣì wà lórí àwọn enhancer sẹ́ẹ̀lì onírun, ìyẹn apá DNA tó ń gbé ohùn jíìnì sókè: wọ́n sùn, wọn ò kú. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ni àmì náà ń parẹ́. Atoh1 nìkan kò lè ṣí ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ó ń jí jíìnì Pou4f3, Pou4f3 ló ń padà wá ṣílẹ̀kùn fún un. Gfi1 ní tirẹ̀ ń pa jíìnì iṣan-ara lẹ́nu mọ́. Ìdí nìyí tí àwọn mẹ́ta pọ̀ fi ń ṣiṣẹ́ ju Atoh1 nìkan lọ.

Èsì 3
Lórí àyẹ̀wò: 50,000 sẹ́ẹ̀lì ni ìlànà ATAC-seq (àyẹ̀wò ibi tí chromatin ti ṣí) tó wọ́pọ̀ ń lò, cochlea eku kan kò sì ní ju nǹkan bí 3,000 sẹ́ẹ̀lì onírun lọ, kí a tó ka èyí tó máa ṣègbé nígbà tí a bá ń tú wọn. Bí sẹ́ẹ̀lì bá dín, ẹ dín Tn5 (ẹ́ńsáìmù tó ń gé DNA) náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ó máa gé DNA wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, àkàsọ̀ nucleosome (ìdì DNA tó wé mọ́ histone) tó ń fò ní nǹkan bí 200 bp (lẹ́tà DNA) kò ní hàn. Fún àmì histone, CUT&RUN, tó ń fi sẹ́ẹ̀lì díẹ̀ wá ibi tí àmì wà, ni kí ẹ lò; ChIP-seq àtijọ́ ń jẹ sẹ́ẹ̀lì jù. Orí yìnyín ni kí sẹ́ẹ̀lì wà lẹ́yìn tí ẹ bá ti tú wọn, torí jíìnì Fos àti Jun, tó ń dáhùn sí ìnira, máa ń ru sókè nígbà ìtúká, ẹ ó sì rò pé iṣẹ́ etí ni.

Èsì 2
Ẹ ṣọ́ra fún GFP, purotéènì tó ń tàn tí a fi ń mọ sẹ́ẹ̀lì tí Atoh1 ti jí, pẹ̀lú. Ó máa ń pẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì, nítorí náà èyí tó ń tàn lè ti pa Atoh1 tirẹ̀. Purotéènì MYO7A nìkan kò sì tó ẹ̀rí pé sẹ́ẹ̀lì onírun ti gbó. Ẹ wá purotéènì prestin náà tó bá jẹ́ pé sẹ́ẹ̀lì onírun ti òde lẹ fẹ́.